Kébù Háńbíréèkì Tuntun fún Ìjàpá Àtijọ́: Ó Dára, Àmọ́ Ẹ Tún Inú Dúrọ́ọ̀mù Ṣe Ná

Ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti ń lo kébù yìí lára ìjàpá mi, Volkswagen Beetle ọdún 1969, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn. Méjì ló wà nínú páálí, ọ̀kan fún táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti dógùn-ún mọ́ inú páìpù wọn. Mo lè fa ọ̀pá háńbíréèkì dókè pátápátá, kí ọkọ̀ ṣì máa yọ̀ lọ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, torí táyà apá kan ṣoṣo ló ń dì í mú.

Ẹnu kébù ló kọ́kọ́ wù mí, níbi tí nọ́ọ̀tì ti ń wọlé. Wọ́n la ojú tẹ́ẹ́rẹ́ sí i fún sikurudirẹ́fà, ojú náà sì jinlẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí rí á mọ ìdí tí inú mi fi dùn: bí ẹ kò bá rí kébù dì mú, á máa bá nọ́ọ̀tì yí, wáyà inú rẹ̀ á sì lọ́. Gírísì tí wọ́n fi sí i kò tó o. Mo fi tèmi kún un kí n tó tì í láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ihò bóòtù irin tó ń di kébù mọ́ ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù (irin róbótó tó ń bá táyà yí, tí bíréèkì ń tẹ̀) kò sì ṣe déédéé lápá òsì, fáìlì ni mo fi gbẹ́ ẹ fẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ rèé, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bú kébù tí kò ṣẹ̀. Apá irin kékeré kan nínú dúrọ́ọ̀mù ni kébù ń fà, apá yẹn ló ń ti ṣúù bíréèkì méjèèjì kí wọ́n lè tẹ dúrọ́ọ̀mù. Bí ṣúù bá ti jẹ, tí àyè ti pọ̀ láàárín òun àti dúrọ́ọ̀mù, kò sí bí ẹ ṣe lè fún nọ́ọ̀tì ìdí ọ̀pá tó tí ọkọ̀ á fi dúró. Ẹ dẹ kébù sílẹ̀ pátápátá ná. Ẹ fi sikurudirẹ́fà yí irin róbótó eléyín tó ń sún ṣúù mọ́ dúrọ́ọ̀mù títí táyà kò fi ní yí mọ́, kí ẹ wá dá a padà díẹ̀díẹ̀ títí táyà á fi yí fàlàlà. Ẹ̀yìn ìyẹn ló kan nọ́ọ̀tì kébù. Bí ẹ bá fa ọ̀pá háńbíréèkì, tó dún lẹ́ẹ̀mejì, kí táyà méjèèjì le dọ́gba lọ́wọ́ yín. Tó bá dún lẹ́ẹ̀mẹrin, kí wọ́n má lè yí rárá.

Nọ́ọ̀tì 36 mm tó di dúrọ́ọ̀mù mú kì í ṣe ti sípánà kékeré. Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, nǹkan bí 300 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí nọ́ọ̀tì) ni ẹ máa fún un dé. Bí ihò píìnì tí kì í jẹ́ kó tú kò bá bára mu, ẹ fún un sí i, ẹ má dẹ̀ ẹ́. Eruku inú dúrọ́ọ̀mù àtijọ́ lè ní asbestos, èròjà tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, nítorí náà ẹ má fẹ́ ẹ, omi ni kí ẹ fi rin ín kí ẹ tó nù ún. Bí ọ́ìlì bá ti jò sórí ṣúù, ẹ pààrọ̀ ṣúù náà àti rọ́bà tó ń jò.

Tó bá di pé ẹ fẹ́ yọ ọ̀pá háńbíréèkì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ bọ́tìnì orí rẹ̀, kí irin eléyín tó wà nísàlẹ̀ má baà já bọ́.

Gígùn kébù kò rí bákan náà fún gbogbo ọdún, ẹ gbé tàtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun kí ẹ tó tì í wọlé. Tèmi nà díẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ ń lò ó, mo sì fún nọ́ọ̀tì rẹ̀. Látìgbà náà, kò tún dẹ̀ mọ́.