Ìrẹ̀ tàbí aáyán Dubia: èwo ni kẹ́ ẹ rà fún alángbá àti kọ̀ǹkọ̀ tẹ́ ẹ ń sìn nínú ilé?

Ẹ má mú aáyán ilé ìdáná fún leopard gecko yín, alángbá tẹ́ ẹ ń sìn, láti jẹ o. Ní Èkó wa yìí, bí ẹ̀yin ò bá fín òògùn lọ́sẹ̀ yìí, aládùúgbò yín ti fín in, tàbí ó ti da òtapiapia sí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Aáyán tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí lọ́sàn-án gangan, tó rọrùn láti mú, òun gan-an ló ti jẹ májèlé. Ìdí rèé tí mo fi ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí pé kó ra kòkòrò tó máa bímọ, kó sìn ín fúnra rẹ̀. Èwo ni kó wá rà? Irú ilé tó ń gbé ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè.

Akọ ìrẹ̀ kì í sùn lóru. Bí ẹ bá ń gbé face-me-I-face-you ní Bàrígà tàbí Mushin, tó jẹ́ ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ibùsùn yín àti ti ìyá àgbà yàrá kejì, ọjọ́ kẹta kò ní pé tí wọ́n á fi kan ilẹ̀kùn. Aáyán Dubia, irú tí wọ́n ń sìn fún oúnjẹ ẹran, kì í dún rárá. Orúkọ rẹ̀ ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Nígbà tí màmá onílé wa ní Ṣómólú gbọ́ pé aáyán ló wà nínú ike mi, wọ́n ní kí n kó o jáde kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo kúnlẹ̀, mo ṣí ike náà níwájú wọn. Aáyán kan ń fẹsẹ̀ ha ara ike tó ń dán náà, ó gun díẹ̀, ó yọ̀, ó tún já bọ́ sórí ẹ̀yìn. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ó dáa. Má jẹ́ kí n rí ọ̀kan ṣoṣo ní kọ́rídọ̀ o." Òótọ́ ni: Dubia ò lè gun ike tàbí gíláàsì tó bá ń dán, abo rẹ̀ ò sì ní ìyẹ́ tó lè fò. Ìrẹ̀ ní tirẹ̀ á fò jáde bí ẹ bá gbàgbé ìdérí.

Ẹ wá wo àkókò. Nínú ooru Èkó, ẹyin ìrẹ̀ á pa láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2, ọmọ rẹ̀ á sì dàgbà láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Ẹ gbé abọ́ kékeré tí iyẹ̀pẹ̀ tútù wà nínú rẹ̀ síbẹ̀, ẹ ó rí abo tó máa ti abẹ́rẹ́ gígùn ìdí rẹ̀ bọ inú iyẹ̀pẹ̀ náà, tó máa dúró jẹ́ẹ́, tó máa yọ ọ́, tó sì tún máa gún ibòmíràn. Ọ̀kan ṣoṣo lè yé ju 100 lọ kó tó kú, bẹ́ẹ̀ kì í lò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ lẹ́yìn tó bá dàgbà. Dubia ń lọ́ra. Oṣù 4 sí 6 ló máa gbà kí ọmọ rẹ̀ tó di abiyamọ, àmọ́ tó bá ti bẹ̀rẹ̀, á máa bí nǹkan bí 20 sí 30 lẹ́ẹ̀kan, ó sì lè lò ju ọdún kan lọ. Ẹni tó ra Dubia 20 lónìí, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi bọ́ ẹran lọ́la, ẹ̀bù ló ń sè jẹ. Àwọn ará òkè òkun ń náwó iná kí ike wọn lè móoru; tiwa, NEPA ì báà mú iná lọ, ojú ọjọ́ Èkó ti tó wọn.

Ìrẹ̀ ń kú o. Mo ra 100 lọ́wọ́ ẹnì kan ní Ọyíngbò, ọ̀rá ló dì wọ́n sí. Kí danfo tó gbé mi dé ilé, òógùn ti bo inú ọ̀rá náà, ìdajì wọn ti lẹ̀ mọ́ ọn. Èèrà ló jẹ èyí tó kù lóru. Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ tábìlì mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà nínú abọ́ omi ọṣẹ, mo sì gbà yín níyànjú pé kẹ́ ẹ ṣe é kí kòkòrò yín tó dé, irú yòówù kẹ́ ẹ rà. Ẹ má gbé omi fún ìrẹ̀ nínú abọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ á rì sínú rẹ̀. Òwú tútù tàbí kárọ́ọ̀tì ni kẹ́ ẹ lò. Òkú rẹ̀ ń rùn kíákíá. Dubia ò rùn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ rẹ̀ gbígbẹ lè mú ara yún ẹlòmíràn tàbí kó mú un wúkọ́, nítorí náà ẹ bo imú tẹ́ ẹ bá ń gbọ́n ike náà.

Kọ̀ǹkọ̀ ló mú kí n ṣì máa sin ìrẹ̀. Ohun tó bá ń mira nìkan ni kọ̀ǹkọ̀ kà sí oúnjẹ. Dubia á lúgọ, á dúró gbọnin, kọ̀ǹkọ̀ á sì jókòó tì í pẹ̀lú ebi. Ìrẹ̀ ò lè dúró jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kó ìyókù kúrò tí ẹran yín bá ti jẹun tán, nítorí ìrẹ̀ tí ebi ń pa lè gé gecko tó ń sùn jẹ.

Kálísíọ̀mù kò tó lára ìrẹ̀ tàbí lára Dubia. Ẹran tí kò bá rí i jẹ, eegun rẹ̀ á rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wọ́. Ẹ fún kòkòrò náà ní ẹ̀fọ́ àti kárọ́ọ̀tì fún ọjọ́ kan kẹ́ ẹ tó gbé e kalẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbọn ẹ̀tù kálísíọ̀mù sí i lára. Èèpo ẹyin tí ẹ sè, tí ẹ sá gbẹ, tí ẹ lọ̀ kúnná náà ń ṣe é.

Mealworm, ìdin kòkòrò kan tí wọ́n tún fi ń bọ́ ẹran, kì í pariwo, inú eèrí àlìkámà tí àwọn olóúnjẹ adìẹ ń tà ló ń gbé. Ó rọrùn fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ọ̀rá pọ̀ lára rẹ̀, kó má di oúnjẹ ojoojúmọ́. Nínú gbogbo wọn, ìdin black soldier fly, irú eṣinṣin dúdú kan, nìkan ló ní kálísíọ̀mù tó pọ̀ láti ilẹ̀ wá. Ẹ má sìn ín nínú yàrá. Ó ń rùn, àwọn eṣinṣin rẹ̀ sì nílò ìtànṣán oòrùn kí wọ́n tó gun ara wọn. Ẹ rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń sìn ín fún ẹja àrọ̀ àti adìẹ, kẹ́ ẹ sì béèrè ohun tí wọ́n fi bọ́ ọ. Bó bá jẹ́ ìgbẹ́ ẹran, ẹ má rà á.

Tèmi ni pé, ẹni tó ní gecko tó sì ń gbé láàárín èrò, kó ra Dubia. Ẹni tó ní kọ̀ǹkọ̀ àti bákónì, ìrẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ ní kó gbé páálí ẹyin inú ike rẹ̀ sókè. Kí ẹ rí ńlá, kí ẹ rí kékeré, akọ Dubia kan sí abo mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí gbogbo wọn bá rí bákan náà, tàbí tí òkú bá pọ̀ nísàlẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ máa lọ.