Yunifásítì tàbí Ṣómólú: níbo ló yẹ ká ti kọ́ iṣẹ́ gíráfíìkì?

Ẹni tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ gíráfíìkì (fífi àwòrán àti lẹ́tà ṣe ọnà sórí ìwé, pósítà àti ìpolówó) jẹun ní Èkó lè gba yunifásítì, irú bíi OAU ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí gíráfíìkì ti wà lára ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́ àwòrán yíyà, àwọ̀, ìrísí lẹ́tà àti ìtàn iṣẹ́ ọnà. Olùkọ́ á sì bi í léèrè ìdí tó fi lo àwọ̀ pupa. Ìbéèrè yẹn níye lórí gan-an: òun ló ń jẹ́ kéèyàn lè gbèjà iṣẹ́ rẹ̀ níwájú oníbàárà.

Ó sì lè lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú. Níbẹ̀, kò ní pẹ́ tí ọmọ iṣẹ́ á fi rí i pé àwọ̀ tó ń dán lójú kọ̀ǹpútà kì í rí bẹ́ẹ̀ lórí pépà, torí ìmọ́lẹ̀ RGB (pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù) ni ti kọ̀ǹpútà, íǹkì CMYK (sáyánì, màjẹ́ńtà, yẹ́lò àti dúdú) sì ni ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Á mọ̀ pé ó yẹ kí àwọ̀ ẹ̀yìn kọjá etí ìwé ní nǹkan bíi mílímítà 3, kí ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé ìwé má baà fi ilà funfun sílẹ̀ létí rẹ̀.

Èmi fara mọ́ yunifásítì fún ẹni tó bá rówó rẹ̀, pàápàá tó bá ń wo iṣẹ́ ìjọba, níbi tí wọ́n ti ń béèrè ìwé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n kó lo àsìkò ìsinmi rẹ̀ ní Ṣómólú. Iṣẹ́ tó ti ṣe ni ọ̀pọ̀ oníbàárà máa ní kó fi han àwọn.