Òdodo ara ẹni àbí òtítọ́ Ọlọ́run sí ìlérí rẹ̀, èwo lo fẹ̀yìn tì?

Ní ṣọ́ọ̀ṣì Lutheran, méjèèjì yìí lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà o. Ẹni tó gbára lé òdodo ara ẹ̀, ìṣirò ni tiẹ̀ lójoojúmọ́: mo gbààwẹ̀, mo dáwó, mi ò ṣe bíi ti lágbájá. Martin Luther alára, ẹni tí ìjọ Lutheran ń jẹ́ orúkọ ẹ̀, mọ̀ ọ́n dáadáa, ó wọ ilé àwọn mọ́ǹkì ní Erfurt, ní Jámánì, lọ́dún 1505, ó ń gbààwẹ̀, ó ń ṣàìsùn, á jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, síbẹ̀ ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀ torí ta ló fẹ́ sọ fún un pé ó ti tó? Tó bá wá ń ṣèèyàn bíi pé ó ti tó, ìyẹn gan-an ló burú jù, Farisí inú Luku 18 tó ń yin ara ẹ̀ nínú àdúrà nìyẹn.

Ẹni tó di ìlérí Ọlọ́run mú ńkọ́? Ẹ wo ìrìbọmi ọmọ ọwọ́, ọmọ yẹn ò ṣe nǹkan kan, ó lè máa ké, ó lè sùn lọ fọnfọn, omi ṣáà kàn án lórí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìlérí Ọlọ́run, Ọlọ́run ti gbà á lọ́mọ nìyẹn. Nínú Katikísímù Ńlá, ìwé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ tó kọ lọ́dún 1529, Luther ní tí ẹ̀ṣẹ̀ àti ẹ̀rí ọkàn bá ń dà wá láàmú, ká fèsì pé síbẹ̀ a ti rì mí bọmi. Kò ní ká sọ pé mo ti gbìyànjú.

Èmi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ti kejì ni mo mú. Iṣẹ́ rere ńkọ́? Ó wà dáadáa, aládùúgbò ló nílò ẹ̀. Àmọ́ àwọn tó ń fi "oore-ọ̀fẹ́ nìkan", ìyẹn pé Ọlọ́run ló ń gbà wá là lọ́fẹ̀ẹ́, kì í ṣe iṣẹ́ wa, yangàn sí ìjọ míì, ẹ jọ̀ọ́, òdodo ara ẹni ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé yín.