Ohùn Mẹ́wàá Inú Yamaha P-45 Mi

Ọdún kejì rèé tí mo ti ń tẹ Yamaha P-45, dùrù dígítà kan, nílé ní Èbúté Mẹ́ta, tí mo sì ń gbé e lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi mí ni iye ohùn tó wà nínú rẹ̀. Mẹ́wàá péré ni: dùrù méjì, piano oníná méjì, dùrù onífèrè méjì, harpsichord (irú dùrù àtijọ́ kan) méjì, strings (ohùn gòjé púpọ̀ pa pọ̀) kan, vibraphone (irin pẹlẹbẹ tí a ń fi ọ̀pá lù) kan. Lójú tèmi, ó tó, bí èèyàn bá ti mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún.

Bọ́tìnì kan ṣoṣo la fi ń yan gbogbo wọn. Ẹ ó dì í mú, ẹ ó sì tẹ kíì tó ni ohùn tí ẹ fẹ́. Ní Sọ́ńdè kan tí a ń gba Ara Olúwa, ìka mi ṣèèṣì bọ́ sórí harpsichord. Gbogbo akọrin ló yíjú sí mi. Ojú tì mí débi pé mo gbàgbé pé bí mo bá tẹ bọ́tìnì yẹn nìkan, ohùn dùrù á padà wá. Nígbà tí mo délé, mo lẹ sẹ́lótéèpù funfun sókè àwọn kíì náà, mo sì kọ nọ́ńbà sí i.

Piano oníná kejì ni ààyò mi fún orin ìyìn. Ẹ fọwọ́ tọ́ ọ jẹ́jẹ́, á rọ̀ bí òwú. Ẹ tẹ̀ ẹ́ líle, ẹ ó gbọ́ irin nínú rẹ̀.

Strings ló gba ìṣọ́ra. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó yọ. Nígbà tí mo fi òun nìkan tẹ orin Yorùbá, ṣe ni àwọn akọrin ń fà sẹ́yìn. Àtìgbà náà ni mo ti ń pa á pọ̀ mọ́ dùrù: dùrù á la ọ̀nà, strings á tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n nóòtì 64 ni ẹ̀rọ náà lè dún lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn méjì sì ń jẹ méjì lórí kíì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá tẹ pẹ́dà (èyí tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kí ohùn lè máa dún lọ) mọ́lẹ̀ pẹ́ jù, àwọn nóòtì tó ti wà nílẹ̀ á máa já.

Harpsichord ní tirẹ̀, bó ti wù kí ẹ tẹ̀ ẹ́ le tó, bákan náà ló ń dún, torí ṣe ni irú dùrù yẹn ń ta okùn, kì í lù ú. N kì í sábà lò ó.

Dùrù onífèrè kejì, alẹ́ ni mo fi í pa mọ́ sí. Mo á ki hẹ́ẹ̀dìfóònù bọ̀ ọ́ kí àwọn alájọgbé lè sùn, mo á wá tẹ hímù kan bí mo ti ń gbọ́ ọ ní Kàtídírà Marina nígbà tí mo wà ní kékeré, níbi tí Thomas Ekundayo Phillips ti tẹ dùrù láti 1914 títí di 1962. Ó máa ń kún etí mi fọ́fọ́.