Kọ̀ǹpútà láíbìrì pa ojú ìwé mẹ́sàn-án mi rẹ́ ní Iléṣà: ohun tí ojú mi rí nìyí

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ kí inú mi tó rọ̀ tán. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, agogo méjì ọ̀sán ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo jókòó sí kọ̀ǹpútà keje nínú láíbìrì kan níbí ní Iléṣà, mo ti tẹ ojú ìwé mẹ́sàn-án, mo ti séèfù ẹ̀ sí Desktop, mo sì fi ojú ara mi rí orúkọ fáìlì náà níbẹ̀, ni wọ́n bá mú iná lọ. UPS tó wà lábẹ́ tábìlì ń ké pí, pí, pí, kò tó ìṣẹ́jú kan, ojú kọ̀ǹpútà ṣú. Ọkàn mi ṣì balẹ̀ nígbà yẹn o, torí mo mọ̀ pé mo ti séèfù. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, kọ̀ǹpútà dìde padà, mo wo Desktop, kò sí nǹkan kan. Ó mọ́ fónífóní bí ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà tí ẹnikẹ́ni ò tíì kó wọ̀.

Èmi kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Aṣọ ni mò ń tà lọ́jà Atákúnmọ́sà. Bàbá mi ló ní oko kòkó lọ́nà Ìpérindó, ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti ń dá a, àmọ́ láti bí ọdún mẹ́ta báyìí, tí òjò bá ti ń rọ̀ gan-an, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹfà, èso kòkó á kàn máa dúdú lórí igi, á jẹrà mọ́ ibi tó so sí. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn ní kí ẹnì kan tó mọ̀wé bá wọn wádìí ẹ̀ kó wá kà á fún wọn ní ìpàdé ọjọ́ Sátidé, Bàbá sì ní ọmọ òun obìnrin máa ṣe é. Ohun tó wà nínú ojú ìwé mẹ́sàn-án yẹn nìyẹn. Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ mẹ́rin nítorí ẹ̀. Ẹni tó bá ń tajà mọ ohun tí ọjọ́ mẹ́rin jẹ́.

Mo wá lọ bá bọ̀dá tó jókòó sí ìdí dẹ́ẹ̀sìkì. Ọmọ kékeré ni, á máa tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, fóònù wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní, "Àbúrò mi, ẹ jọ̀ọ́, nǹkan tí mo tẹ̀ sórí nọ́ḿbà keje, mi ò rí i mọ́ o." Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ séèfù ẹ̀ síbo, Mà?" Mo ní Desktop. Ó ní, "Á à, kò lè sí níbẹ̀ mọ́. Kọ̀ǹpútà yìí kì í tọ́jú nǹkan. Tó bá ti kú, gbogbo ẹ̀ ti lọ nìyẹn." Mo ní ta ló sọ fún mi? Ọmọ yìí wá gbójú sókè, ó wò mí, ó ní, "Gbogbo èèyàn ló mọ̀, Mà."

Gbogbo èèyàn ló mọ̀! Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló jẹ́ kí n máa kọ nǹkan yìí. Mo wo ara ògiri láti òkè dé ilẹ̀. Ìwé pé kí a má jẹun wà níbẹ̀. Ìwé pé kí a má pariwo wà níbẹ̀. Ìwé pé ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta lẹnì kan ní lórí kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀, wọ́n tiẹ̀ fi báírò pupa fa ìlà sí i nídìí. Ìwé tó máa sọ fún èèyàn pé iṣẹ́ tó bá ṣe síbẹ̀ á pòórá, kò sí. Nígbà tí mo sì san ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà fún káàdì ọ̀sẹ̀ kan, bọ̀dá yìí kan náà ló kọ orúkọ mi sínú ìwé ńlá, ó bi mí ní nọ́ḿbà fóònù, ó bi mí ní iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ó bi mí ní àdírẹ́sì, gbogbo ìbéèrè yẹn, kò sí gbólóhùn kan péré láti kìlọ̀ fún mi. Mo sọ ọ́ fún un. Ó ní, "Ṣé ẹ ò ní fláàṣì ni, Mà?" Mo ní, "Mo ní in, ó wà nínú báàgì mi níbí, ìwọ lo ò sọ fún mi pé kí n lò ó!" Láti "ẹ jọ̀ọ́" mo ti bọ́ sórí "ìwọ", àwọn ọmọ tó ń ka JAMB lẹ́yìn ti yíjú wá.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí. Àwọn bàbá wa tó ń tajà àwìn, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọ́n á fi gbowó wọn, òun ni wọ́n ṣe ń pè wá ní Òṣómàáló. Mo fa àga, mo jókòó síwájú dẹ́ẹ̀sìkì yẹn, mo ní mi ò lọ síbì kankan títí màá fi rí ọ̀gá wọn.

Kí n tó máa bá a lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ibẹ̀ fúnra ẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló burú. Afẹ́fẹ́ wà. Ilé ìyàgbẹ́ mọ́, omi wà níbẹ̀, ọṣẹ sì wà. Íntánẹ́ẹ̀tì wọn yá ju dátà orí fóònù mi lọ fíìfíì. Kọ̀ǹpútà méjìlá ló wà, mẹ́jọ ló ń ṣiṣẹ́. Lórí nọ́ḿbà keje yẹn, lẹ́tà A ti pa rẹ́ lójú kíbọ́ọ̀dù, àwọ̀ funfun ẹ̀ ti tán pátá, ó ti ń dán, gbogbo ìka tó ti kọjá níbẹ̀ ló ti yọ́ ọ lọ, èèyàn á kàn fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n ni. Ìyẹn ò dùn mí. Ohun tí èèyàn ń lò ló ń gbó.

Ọ̀gá náà dé ní bí agogo mẹ́ta. Màmá kan ni, wọ́n wọ ìró àti bùbá, gíláàsì wà lójú wọn, okùn ẹ̀ wà lọ́rùn. Mo ti ṣetán láti jà. Wọ́n kí mi, wọ́n fa àga tiwọn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, wọ́n ní, "Ẹ má bínú, ìyá mi. Ẹ sọ ọ́ fún mi látìbẹ̀rẹ̀." Mo sọ ọ́. Wọn ò dá mi lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní, "Àwa la jẹ̀bi. Ó yẹ ká ti sọ fún yín." Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo ohun tí mo ti tò sílẹ̀ lọ́kàn mi láti bí wákàtí kan, mi ò rí ibi tí mo fẹ́ kó o sí mọ́.

Wọ́n wá ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Wọ́n ní ètò kan ni wọ́n fi sínú kọ̀ǹpútà gbogbo èèyàn, tí wọ́n bá ti pa á tí wọ́n tún tan án, á dá ara ẹ̀ padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n ṣètò ẹ̀. Wọ́n ní tí kò bá sí i, fláàṣì tí àwọn èèyàn ń kì bọ̀ ọ́ láàárọ̀ títí dalẹ́ á ti fi fáírọ́ọ̀sì pa gbogbo wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, pé ẹni tó bá sì jókòó tẹ̀lé mi, tí mo bá gbàgbé láti jáde nínú ímeèlì mi, á rí gbogbo ọ̀rọ̀ mi, á rí nọ́ḿbà NIN mi, á rí ti báńkì mi. Ó yé mi. Ohun tó pa iṣẹ́ mi rẹ́ ló ń dáàbò bò mí. Àmọ́ ẹ sọ fún èèyàn o!

Wọ́n wá bi mí pé kí ni mò ń wá gan-an. Mo ní ọ̀rọ̀ kòkó tó ń dúdú. Wọ́n ní níbo ni mo ti ń wá a? Mo ní Google. Wọ́n ní ṣé kò sẹ́ni tó fi dátábéèsì hàn mí? Dátábéèsì wo? Mo ti ń wọ ibẹ̀ láti ọjọ́ Mọ́ńdè, mi ò gbọ́ ọ rí.

Ibi tí inú mi ti yí padà nìyẹn. Wọ́n ṣí AGORA fún mi, dátábéèsì tí wọ́n kó ìwé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ jọ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, ló gbé e kalẹ̀ láti 2003, ó wà lábẹ́ Research4Life, ètò ńlá tó kó irú dátábéèsì bẹ́ẹ̀ jọ, pẹ̀lú Hinari tó jẹ́ ti ìṣègùn. Ẹnì kan ò lè dá forúkọ sílẹ̀ fún un, ilé iṣẹ́ tàbí ilé ìwé tàbí láíbìrì ló máa forúkọ sílẹ̀, wọ́n á wá fún wọn ní páásìwọ́ọ̀dù. Ṣé ẹ mọ̀ pé mo ti rí méjì nínú àwọn ìwé ìwádìí yẹn lórí fóònù mi nílé, tí wọ́n ní kí n san dọ́là kí n tó lè kà á? Ìwé kan náà, níbi tí mo jókòó sí yìí, ó ṣí gbayawu, kò sẹ́ni tó bèèrè kọ́bọ̀.

Màmá wo ohun tí mo ń tẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ń kọ ọ́ bí ẹni ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, "why is my cocoa turning black in Nigeria", kọ̀ǹpútà sì ń kó oríṣiríṣi nǹkan jáde fún mi, títí kan ọ̀rọ̀ ṣokoléètì. Wọ́n ní kí n fi "black pod", orúkọ àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú, sáàárín àmì àyọlò méjèèjì kí ọ̀rọ̀ méjì náà lè dúró pọ̀, kí n kọ AND ní lẹ́tà ńlá, kí n kọ Phytophthora, orúkọ ohun tó ń fa àrùn náà, AND míì, Nigeria. Mo tẹ̀ ẹ́. Látorí ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó wá ṣáájú, ó ku ìwọ̀nba tí èèyàn lè fi ọ̀sán kan yẹ̀ wò, púpọ̀ nínú wọn wá látọwọ́ àwọn èèyàn CRIN, ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó tó wà ní Ìbàdàn láti 1964. Wọ́n tún fi AJOL hàn mí, níbi tí ìwé ìwádìí àwọn ará Áfíríkà pọ̀ sí.

Mo jókòó, mo ń kà. Phytophthora tó ń pa kòkó wa, oríṣi méjì ló wà níbí, palmivora àti megakarya, megakarya ló le jù, apá ọ̀dọ̀ wa níbí ní Áfíríkà nìkan ló wà. Mo wá dé ìpínrọ̀ kan tó ní inú ilẹ̀ ni megakarya ń gbé, tí òjò bá ń rọ̀, ẹ̀kán omi á ta á látinú iyẹ̀pẹ̀ sára èso tó wà nísàlẹ̀, láti ibẹ̀ ni yóò ti máa gòkè, pé èèrà tó ń fi iyẹ̀pẹ̀ kọ́lé gun igi náà ń gbé e lọ.

Mo dìde, mo sáré jáde síta, mo pe Bàbá. Láti ọdún tí nǹkan yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni Bàbá ti ń sọ pé, "Ilẹ̀ ló ń gbé e, nísàlẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀," ẹni tó ń ta oògùn kòkó fún wọn á ní atẹ́gùn ni, pé àgbà ló ń dà wọ́n láàmú. Mo kà á fún wọn lórí fóònù, mò ń túmọ̀ ẹ̀ bí mo ṣe ń kà á. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Tún ẹsẹ̀ yẹn kà." Mo tún un kà. Wọ́n ní, "Ta ló kọ ọ́?" Mo ní àwọn dókítà tó ń ṣèwádìí kòkó ni. Wọ́n ní, "Ó dáa. Kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa."

Kí n tó kúrò lọ́jọ́ náà, Màmá ní kí n fi gbogbo PDF yẹn ránṣẹ́ sí ímeèlì ara mi lójú wọn, wọn ò sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi àfi ìgbà tí mo ṣí i lórí fóònù mi tí wọ́n rí i. Ìyẹn ló yọ mí.

Torí mo padà lọ lọ́jọ́ Jímọ̀, Màmá ò sí, wọ́n lọ sí Òṣogbo. Mo ní kí wọ́n ṣí AGORA fún mi, bọ̀dá ìdí dẹ́ẹ̀sìkì ní ọwọ́ Màmá nìkan ni páásìwọ́ọ̀dù wà. Ṣé irú ètò wo nìyẹn? Ohun tí FAO ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn tó bá wọlé síbẹ̀, ó wà nínú ìwé kékeré kan nínú báàgì èèyàn kan, tí onítọ̀hún bá rìnrìn àjò, ilẹ̀kùn ti. Mo tún bínú. Mo fi PDF tó wà lórí fóònù mi tún gbogbo iṣẹ́ yẹn tẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, lórí fláàṣì lọ́tẹ̀ yìí, mò ń séèfù ẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Agogo mẹ́rin lú, wọ́n fẹ́ tì, ó ku ojú ìwé méjì. Bọ̀dá yẹn wò mí, kò sọ nǹkan kan, ó jókòó padà. Agogo márùn-ún ku díẹ̀ la jáde. Mi ò lè má sọ ọ́, torí òótọ́ ni. Ó tún bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde, ọgọ́rùn-ún náírà lójú ìwé kan, ojú ìwé mẹ́wàá, ẹgbẹ̀rún kan, kò sí rìsíìtì, ìlà dúdú sì fa gbogbo ẹ̀ já láàárín.

Lọ́jọ́ Sátidé mo kà á fún wọn ní ìpàdé. Pé kí wọ́n máa já èyí tó bá ti dúdú kúrò, kí wọ́n má kó o jọ sídìí igi mọ́, kí wọ́n gé ẹ̀ka kí oòrùn àti atẹ́gùn lè wọlé, kí oògùn tó ní kọ́pà nínú bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tó bá ti jẹrà tán. Bàbá jókòó síwájú, wọ́n ń mi orí.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún láíbìrì yẹn. Lọ́jọ́ tí mo bá wọlé tí mo rí ìwé lára ògiri lókè kọ̀ǹpútà keje pé "Ẹ séèfù sórí fláàṣì yín, ohun tó bá wà lórí Desktop á pa rẹ́", tí wọ́n sì ti fún bọ̀dá yẹn ní páásìwọ́ọ̀dù, màá wá síbí wá fi méjì kún un. Túsìdeè ni mo tún ń lọ, ọ̀rọ̀ èèrà yẹn ò tíì yé Bàbá.