Bàìnókúlà tòkunbọ̀ tí mo rà ní Lágéré

Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé girama nílùú Ifẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń wá ohun tí màá fi wo ìràwọ̀ dáadáa. Telescope kékeré kan ni mo kọ́kọ́ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹsẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n gbé e lé ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Kí n tó gbá ìràwọ̀ kan mú, ó ti sá lọ. Owó yẹn dùn mí.

Bí mo ṣe dé ìsọ̀ ẹrù tòkunbọ̀ kan ní Lágéré nìyẹn. A nájà títí, ₦28,000 la parí ẹ̀ sí fún bàìnókúlà (awò olójú méjì) 10x50: ó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10, dígí iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ tó mìlímítà 50. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn wọ́n ti mú iná lọ ní Pàràkìn. Mo gbé e sójú: gbogbo ìràwọ̀ ló di ìbejì! Inú mi ti ń dùn, àfìgbà tí mo kọjú ẹ̀ sí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tí òun náà di méjì. Ojú ọ̀tún àti ojú òsì awò náà kò bára mu. Ó ní láti jẹ́ pé ó ti já bọ́ rí.

Ilẹ̀ mọ́, mo gbé e padà. Ẹni tó tà á kò jà rárá: "Ẹ má bínú, tíṣà wa, ẹ wá yan òmíràn." Mo kó mẹ́ta síta, mo ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wo orí òpó tẹlifóònù tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ̀kẹta ló fi òpó kan ṣoṣo hàn mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sanwó láìṣe bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù December, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, Pleiades, agbo ìràwọ̀ kan, á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àtàrí wa. Ojú lásán ń rí mẹ́fà tàbí méje; awò yìí fi ọ̀pọ̀ mìíràn hàn mí, tí wọ́n ń dán yanran. Ìkùukùu gáàsì kan náà lójú sánmà ló bí gbogbo wọn, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 100 ọdún sẹ́yìn. Agbo wọn fẹ̀ ju òṣùpá mẹ́ta tí a tò pọ̀ lọ, telescope mi àtijọ́ kò lè gbà á tán lẹ́ẹ̀kan. Tó bá sì di oṣù karùn-ún, lẹ́yìn òjò tó fọ ojú ọ̀run mọ́, ẹ wo apá gúúsù ní nǹkan bí aago mọ́kànlá: Omega Centauri, agbo ìràwọ̀ mìíràn, á dúró níbẹ̀ bí òwú tí a gbọ̀n, nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 ìràwọ̀, tó jìnnà tó 17,000 ọdún ìmọ́lẹ̀ (ọdún ìmọ́lẹ̀ kan ni ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn lọ́dún kan). Ará Lọ́ńdọ̀nù kì í rí i láti ilé rẹ̀ láéláé.

Ní ti ìràwọ̀ ìbejì, ìyẹn ìràwọ̀ méjì tó sún mọ́ra lójú wa, agbára awò mi mọ níwọ̀n. Ó ya Mizar àti Alcor sọ́tọ̀ kedere, ṣùgbọ́n ìkejì tó fara mọ́ Mizar gan-an kò hàn sí mi. Algol, tí òun náà jẹ́ ìràwọ̀ ìbejì, ló wú mi lórí jù. Awò mi kò lè yà á sí méjì, síbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ 2, wákàtí 20 àti ìṣẹ́jú 49, èyí tó ṣókùnkùn á bọ́ síwájú èyí tó mọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ wọn á wá rẹ̀ sílẹ̀. John Goodricke, ará England kan tó máa ń ṣọ́ ìràwọ̀, ló dábàá èyí lọ́dún 1783, ojú lásán ló sì fi ṣọ́ ọ. Mo gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ògiri ọgbà kí ọwọ́ mi má baà gbọ̀n, mo ń fi í wé àwọn ìràwọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lóru mẹ́ta ní January. Lóru kẹta, ó ti rẹ̀ sílẹ̀. Mo pariwo débi pé ìyàwó mi sáré jáde.

Ìdérí dígí kò bá a wá, eruku ọyẹ́ sì pọ̀ nílùú wa. Àpò aṣọ tí ìyàwó mi rán ni mo fi ń tọ́jú ẹ̀.