Ẹ ṣọ́ra fún abẹ́rẹ́ ìfọnra inú ìgò tí wọ́n ń tà kiri Àbújá

Ẹ̀yin ará wa ní Àbújá, pàápàá ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi ní Kubwa àti Gwarinpa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà lórí WhatsApp tó ń ta ìgò kékeré tí ìyẹ̀fun funfun wà nínú rẹ̀. Ó ní semaglutide ni, pé oògùn inú Ozempic gan-an ni, abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà tí àwọn ènìyàn tún fi ń fọn, owó rẹ̀ ló kàn rọjú. Àbúrò mi obìnrin rà á. Ó bì títí kò fi lè dìde mọ́, ilé ìwòsàn ni wọ́n ti fi omi sí i lára.

Ìwọ̀n tí ọkùnrin náà ní kí àbúrò mi fà ló bí mi nínú jù. 5 mg ni wọ́n kọ sára ìgò náà. Ó ní kó da omi mílílítà kan sí i, kó fi sírínjì insulin fà á dé orí 50. Lórí sírínjì yẹn, 100 ni mílílítà kan. Ìdajì ìgò ni 50 nígbà náà, ìyẹn 2.5 mg. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ semaglutide, 0.25 mg ni wọ́n ń fún un lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ìlọ́po mẹ́wàá! Àwọn tó ń lo Wegovy, ìyẹn semaglutide tí wọ́n ṣe fún fífọn, nǹkan bí oṣù mẹ́rin ni dókítà fi ń gbé wọn gòkè díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó dé 2.4 mg. Bẹ́ẹ̀ ni oògùn yìí kì í tètè kúrò lára, ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí ìdajì rẹ̀ tó lọ.

Ìyẹn bó bá jẹ́ semaglutide ló wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Lẹ́tà wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi kọ ọ́ sára ìgò pé fún ìwádìí nìkan ni, kì í ṣe fún ènìyàn. Kò sí nọ́ńbà NAFDAC, kò sí orúkọ ilé iṣẹ́. Mo bi í, ó ní purotéènì lásán ni, bíi ti inú ẹyin. Irọ́ ni. Ìfun wa máa ń tú họ́mọ́ọ̀nù kan tó ń jẹ́ GLP-1 jáde tí a bá jẹun, òun ló ń jẹ́ kí ọpọlọ mọ̀ pé a ti yó, àmọ́ kì í pẹ́ ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tó fi ń parẹ́. Ilé iṣẹ́ Novo Nordisk ní Denmark ló tún irú rẹ̀ ṣe kó lè pẹ́ lára, òun ni semaglutide. Pẹ́ẹ̀nì wọn tí a kò tíì lò, inú fíríìjì ló ń gbé, láàárín 2 sí 8 lórí Celsius. Inú ọ̀rá dúdú ni ọlọ́kadà gbé tiwa wá, nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Ọkùnrin náà tún ń ta retatrutide, oògùn ìfọnra mìíràn tí ilé iṣẹ́ Eli Lilly ṣì ń dán wò! Mo béèrè ìwé àṣẹ, ó blọ́ọ̀kì mi. Orúkọ ẹlòmíràn ló sì wà lórí àkáǹtì tó fi ń gbowó.

Mi ò bá ẹni tó fẹ́ fọn wí. Àìsàn ni ọ̀rá àpọ̀jù àti ìtọ̀ ṣúgà, oògùn gidi sì wọ́n, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí dókítà kọ ọ́, kí ẹ rà á nílé oògùn tó ní apòògùn. Pẹ́ẹ̀nì pàápàá ní ayédèrú: ní oṣù kẹfà 2024, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, kìlọ̀ nípa ayédèrú Ozempic tí wọ́n rí ní Brazil, Amẹ́ríkà àti ìlú Ọba.

Ẹni tó bá ti ra tirẹ̀, kó má gún un, kó má sì dà á nù. Ẹ gbé e lọ sí NAFDAC ní Wuse Zone 7, pẹ̀lú rìsíìtì owó àti ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lórí WhatsApp. Ẹni tó ti gún un, tí inú sì ń run ún gan-an títí kan ẹ̀yìn, tàbí tó ń gbọ̀n tó ń làágùn, kó má dúró di ọ̀la. Kó mú ìgò náà dání lọ sílé ìwòsàn.